Ẹ má tíì wo fọ́tò o: bí a ṣe ń kọ nípa ibi tá a ti gbé rí àti ibi tá a kàn yà sí

Mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo ní kí n ka gbogbo ilé tí mo ti gbé láti kékeré, mo kà á, mo rí mọ́kànlá, inú mi dùn, mo pa ìwé dé. Ní ọjọ́ kẹta mo wà ní bàlùwẹ̀, mò ń fọ orí, ni mo kàn ṣàdédé rántí pé háà, yàrá kan tún wà o, ibi tí mo gbé fún oṣù méje gbáko. Oṣù méje! Báwo lèèyàn ṣe máa sùn síbì kan fún oṣù méje tí ibẹ̀ á wá parẹ́ lórí ẹ̀ bíi pé kò débẹ̀ rí. Àtọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ nǹkan sílẹ̀ nípa àwọn ibi tí mo ti gbé àtàwọn ibi tí mo kàn lọ tí mo sì padà, mo sì ti ṣi iṣẹ́ náà ṣe débi pé mo rò pé mo lè kọ́ ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ tí mo ní ò pọ̀: ẹ jẹ́ kí orí yín kọ́kọ́ rojọ́ tiẹ̀ tán kí fọ́tò tó dá sí i. Gbogbo ìyókù, abẹ́ ìyẹn ló wà.

Mo mọ̀ pé ohun tó máa ń yá wa lára jù ni ká ṣí fóònù, ká máa fa fọ́tò sókè sódò, ká máa rẹ́rìn-ín, ká wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ìdí ni pé ohun téèyàn rí nínú fọ́tò máa ń jókòó lé ohun tó rántí lórí ni, tó bá sì ti jókòó, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ tiyín mọ́. Lọ́dún 2002, Kimberley Wade, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kó àgbàlagbà 20 jọ, wọ́n ti gba fọ́tò ìgbà èwe wọn lọ́wọ́ ẹbí, wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà lẹ ojú ọmọ náà mọ́ inú bálúùnù ńlá tó máa ń gbé èèyàn fò, ìrìn tí ẹbí fúnra wọn sọ pé kò wáyé rí. Nígbà tí wọ́n fi máa bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́wàá nínú wọn ti ń rántí nǹkan nípa ìrìn náà, àwọn kan ń ṣàlàyé bó ṣe rí. Fọ́tò ayédèrú kan ṣoṣo ló fa gbogbo ìyẹn. Fọ́tò tòótọ́ náà ò sàn tó bẹ́ẹ̀ o. Linda Henkel, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá bíi ti Wade, gbé iṣẹ́ kan jáde lọ́dún 2014, ó mú àwọn èèyàn rìn kiri nínú mùsíọ́ọ̀mù, ó ní kí wọ́n ya àwọn nǹkan kan kí wọ́n sì kàn wo àwọn míì, nígbà tó yá, àwọn nǹkan tí wọ́n kàn wò ni wọ́n rántí dáadáa ju àwọn tí wọ́n yà lọ. Ìgbà tí wọ́n bá fa kámẹ́rà sún mọ́ apá kan péré lára nǹkan ọ̀hún ni yíyà ò pa wọ́n lára. Èmi wò ó pé bíi pé a gbé ẹrù fún kámẹ́rà ni, àwa fúnra wa wá sọ ọwọ́ sílẹ̀.

Ẹ yà á kẹ́ ẹ tó kọ ọ́

Ẹ mú bébà kan tí ò ní ìlà, ẹ mú pẹ́ńsùlù, ẹ má mú rúlà, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ di ayàwòrán ilé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ìlẹ̀kùn yẹn, ṣé inú ló ń ṣí sí ni àbí ìta? Ṣé apá ọ̀tún ni ọwọ́ rẹ̀ wà? Kí ló kọ́kọ́ kan ẹsẹ̀ yín tẹ́ ẹ bá wọlé? Ẹ máa wọlé lọ díẹ̀díẹ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan, fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ibi tí súìṣì iná wà (ẹ kàn dìde dúró kẹ́ ẹ na ọwọ́ bíi pé ẹ fẹ́ tan iná nínú òkùnkùn, ó máa yà yín lẹ́nu pé ọwọ́ mọ ibi tó ń lọ nígbà tí orí ti gbàgbé), ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà, ibi tí orí yín ń kọjú sí, ibi tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé. Ibi tẹ́ ẹ ò bá rántí, ẹ má ṣe hùmọ̀ ẹ̀ o, ẹ fi àmì ìbéèrè síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Mo ti rí i pé àmì ìbéèrè yẹn gan-an ló máa ń bí ìtàn tó dáa jù, torí èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara ẹ̀ pé kí ló dé tí mi ò fi rántí yàrá yẹn, ta ló ń gbé ibẹ̀, ṣé wọn kì í jẹ́ kí n wọ ibẹ̀ ni.

Kì í ṣe àṣà mi lásán nìyí. Nínú ọpọlọ, apá tí wọ́n ń pè ní hippocampus, òun ló ń bá wa tọ́jú ìrántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, òun kan náà ló tún ń bá wa mọ ibi tá a wà. Lọ́dún 1971 John O'Keefe, onímọ̀ nípa ọpọlọ, kọ̀wé pé òun rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ lára eku tí wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí eku bá dé ibì kan pàtó nìkan, nígbà tó di 2005 May-Britt Moser àti Edvard Moser àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó dà bíi pé ó ń ya máàpù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2014. Ibi àti ìrántí, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé lórí wa. Àwọn àtijọ́ ti mọ̀ ọ́n láìsí ẹ̀rọ kankan: Cicero, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ará Róòmù àtijọ́, sọ ìtàn akéwì Gíríìkì kan, Simonides, tó jáde níbi àsè ni òrùlé bá wó lé àwọn tó kù lórí, òkú wọn bàjẹ́ débi pé ẹbí ò lè dá wọn mọ̀, àmọ́ Simonides rántí ibi tí kálukú jókòó sí, bó ṣe sọ wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá ti ya ilé tán, ẹ wò ó pé ta ló máa ń jókòó síbo. Àwọn èèyàn tẹ́ ẹ ti gbàgbé orúkọ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ẹ̀ẹ́ kàn máa wò wọ́n.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà sí orí àwòrán yẹn. Ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, 1, ibòmíì, 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má tíì kọ ìtàn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin péré ti tó fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, bíi "ibi tí mo fi lẹ́tà pamọ́ sí" tàbí "ibi tí bàbá jókòó sí lóru ọjọ́ yẹn". Tó bá jẹ́ ibi tẹ́ ẹ kàn ṣàbẹ̀wò sí ni, tí ẹ ò ní ilé níbẹ̀, ẹ ya ọ̀nà dípò ilé, láti ibi tẹ́ ẹ sùn dé ibi tẹ́ ẹ lọ jù.

Etí àti imú ńkọ́? Imú ò kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà tí ojú àti etí ń gbà kọjá nínú ọpọlọ, òórùn máa ń lọ tààrà sí itòsí amygdala àti hippocampus, ibi tí ìmọ̀lára àti ìrántí ń gbé, ìdí nìyẹn tí òórùn ọṣẹ kan péré fi lè gbé èèyàn padà sí ilé tó ti fi sílẹ̀ lógún ọdún sẹ́yìn kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti kọ òórùn sílẹ̀ torí ọ̀rọ̀ wa fún un ò pọ̀. Ọgbọ́n tí mo ń dá ni pé mi ò kì í sọ pé ó ń rùn tàbí ó ń ta sánsán, ohun tó fa òórùn náà ni mo máa ń kọ: ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, aṣọ tí ò gbẹ tán, ìwé tó ti gba omi, òjò àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. (Òórùn òjò yẹn ní orúkọ o, petrichor, Isabel Joy Bear àti Richard Thomas ní Ọsirélíà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1964.) Tó bá kan ìró, ẹ kọ ti òru nìkan. Ìró ọ̀sán pọ̀ jù, gbogbo ibi ló jọra. Ti òru ló máa ń yàtọ̀, omi tó ń kán, ìlẹ̀kùn aládùúgbò, ẹni tó ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri tẹ́ ẹ ò mọ ojú ẹ̀ títí ẹ fi kó kúrò.

Ọ̀rọ̀ "máa ń"

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí òun ló ya ibi tá a gbé sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tá a yà sí, èmi ò sì mọ̀ ọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tẹ́ ẹ bá ti gbé, ẹ wò ó, "máa ń" ló máa kún ẹnu yín: mo máa ń jí ní aago márùn-ún, wọ́n máa ń pariwo, omi máa ń lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ibi tẹ́ ẹ bá kàn dé fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sí "máa ń" níbẹ̀, "lọ́jọ́ náà" ló wà, "bá a ṣe débẹ̀ báyìí". Orí wa ló tọ́jú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ohun téèyàn ṣe nígbà ẹgbẹ̀rún ti di ẹyọ kan ṣoṣo, ó ti lẹ̀ pọ̀, ohun téèyàn ṣe lẹ́ẹ̀kan ló ṣì dá dúró. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èèyàn lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan nípa ìrìn ọjọ́ méjì, tẹ́ ẹ bá wá ní kó sọ nípa ilé tó gbé fún ọdún mẹ́fà, á ní "ilé náà dáa, ó tura", ó tán.

Kí lẹ wá máa ṣe? Tó bá jẹ́ ibi tẹ́ ẹ gbé, ẹ kọ "máa ń" mẹ́wàá sílẹ̀ láìdúró, ẹ má ronú jù. Kẹ́ ẹ wá mú un lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ bi í pé ọjọ́ wo nìyí já? Mo máa ń jí ní aago márùn-ún, ó dáa, ọjọ́ wo ni mi ò jí? Wọ́n máa ń pariwo, ọjọ́ wo ni gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, kí ló dé? Ibi tí "máa ń" ti já, ìtàn wà níbẹ̀. Èmi ní ilé kan tí mo ti rò pé kò sí nǹkankan nínú ẹ̀, mo kọ ọ́ pé aládùúgbò wa máa ń ti géètì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo wá bi ara mi pé ọjọ́ wo ni kò tì í, ni mo bá rántí òru kan tí géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu títí ilẹ̀ fi mọ́, bí ìtàn ojú ewé márùn-ún ṣe jáde nìyẹn láti inú ilé tí mi ò kà sí.

Tó bá wá jẹ́ ibi tẹ́ ẹ yà sí, òdìkejì ẹ̀ ni, ẹ máa ṣọ́ra fún "máa ń". Ẹ̀ẹ́ rí ẹni tó lo ọjọ́ mẹ́rin níbì kan, ó rí ọkùnrin kan tó ń kọrin lójú ọ̀nà, ó délé ó kọ ọ́ pé "àwọn ará ibẹ̀ máa ń kọrin lójú ọ̀nà". Irọ́ ńlá gbáà! Ọkùnrin kan lo rí. Ó lè jẹ́ pé àwọn ará ibẹ̀ gan-an ń wò ó tìyanu-tìyanu. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, pé lọ́jọ́ Tuesday, lẹ́bàá afárá, ọkùnrin kan ń kọrin. Ó lágbára jùyẹn lọ náà, ẹni tó ń kà á á rí ọkùnrin náà. Ẹ sì fi ara yín síbẹ̀, bóyá ó rẹ̀ yín, bóyá bàtà ń ta yín lẹ́sẹ̀, bóyá ẹ̀ ń bá ẹni tẹ́ ẹ jọ lọ jà, torí àlejò kì í rí ìlú, ohun tí ara ẹ̀ bá gbà á láyè láti rí ló ń rí.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀, kí n yára sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò rántí nǹkan gidi kankan kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, nítorí náà ilé àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ gbé, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ẹnu ìyá yín lẹ ti rí i. Kò burú. Bí ọmọdé ò bá ìtàn, á bá àròbá. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "wọ́n ní". Àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún sì máa ń rí i pé ìrántí ìgbà tí wọ́n wà láàárín ọmọ ọdún 10 sí 30 ló pọ̀ jù, ibi tẹ́ ẹ gbé nígbà yẹn á fẹ́ gba gbogbo ìwé mọ́ ìyókù lọ́wọ́. Mo máa ń fi tiẹ̀ ṣe ìkẹyìn, kó dúró kí àwọn tó kù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Àárò náà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa fura sí. Lọ́dún 1688, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Basel, Johannes Hofer, lẹ ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀, ìpadàsílé àti ìrora, ó fi pe àárò ilé ní nostalgia, àìsàn gidi ló kà á sí, ohun tó lè pa èèyàn. Lónìí a ò pè é ní àìsàn mọ́ àmọ́ ó ṣì ń ṣe ojú wa. Gbogbo nǹkan ló máa ń fi ṣúgà sí. Tẹ́ ẹ bá kọ ojú ewé kan tán tí gbogbo ẹ̀ sì ń dùn, ẹ bi í léèrè pé ta ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀? Ta ló ń san owó ilé, kí ni ojú ẹ̀ máa ń rí lópin oṣù? Ta ni ò fẹ́ wà níbẹ̀? Mo ti kọ ilé ìgbà èwe mi bíi párádísè rí, mo wá bi ara mi ní ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, mi ò lè parí ojú ewé náà lọ́jọ́ yẹn.

Ó yá, ẹ lè ṣí fọ́tò wàyí

Ẹ ti ya á, ẹ ti kọ ọ́, ó ti sùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wá lọ wá ẹ̀rí. Fọ́tò fóònù sábà máa ń ní ọjọ́ àti aago nínú, tí ẹ bá sì tan location nígbà yẹn, ibi tẹ́ ẹ ti yà á gan-an á wà níbẹ̀. Google Street View bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007, láti 2014 sì ni wọ́n ti jẹ́ ká lè wo àwọn ti àtẹ̀yìnwá, tí ọkọ̀ wọn bá ti kọjá ládùúgbò yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ẹ lè rí ilé náà bó ṣe ń yí padà. Google Earth náà ní àwòrán àtijọ́ láti òkè. Tó bá jẹ́ ayé àtijọ́ pátápátá lẹ̀ ń wá, àwọn sátẹ́láìtì Landsat ti ń ya ilẹ̀ láti 1972, ẹ ò ní rí ilé yín nínú ẹ̀ o, àmọ́ ẹ lè rí i pé ibi tẹ́ ẹ ń pè ní igbó, ṣé igbó ni lóòótọ́.

Ẹ pe àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n yín tẹ́ ẹ jọ gbé ibẹ̀ náà, kí òun ya tiẹ̀ láìrí tiyín. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe é, ilé kan náà, ọdún kan náà, fèrèsé tí mo yà sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí fèrèsé kankan níbẹ̀, a wo fọ́tò, kò sí lóòótọ́. Síbẹ̀ mo rántí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé! Àtẹ̀gùn tí mo kọ ọ́ pé ó tó ogún, mẹ́sàn-án ni. Ẹ má lọ pa eléyìí rẹ́ kẹ́ ẹ wá fi òótọ́ rọ́pò ẹ̀, ẹ fi méjèèjì síbẹ̀, pé ogún ni mo kà, mẹ́sàn-án ló wà, torí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún ló kà á. Tẹ́ ẹ bá sì lè padà síbẹ̀ fúnra yín, ẹ lóṣòó kẹ́ ẹ tó sọ pé ibẹ̀ ti kéré. Ẹ wò ó láti ibi tí ojú yín wà nígbà yẹn.

Kékeré kan kù kẹ́ ẹ tó fi hàn aráyé. Ilé tẹ́ ẹ kọ nípa ẹ̀, ẹlòmíì ló ń gbé ibẹ̀ báyìí, ẹ má kọ nọ́ńbà ilé. Orúkọ òpópónà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ gbé náà, ẹ rántí pé irú ìbéèrè tí àwọn báńkì àti ìkànnì kan máa ń bi èèyàn tó bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù nìyẹn, kẹ́ ẹ má fi ọwọ́ ara yín fún olè ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn fọ́tò tẹ́ ẹ bá sì fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, ẹ yọ location kúrò nínú ẹ̀.

Ibi wo lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n bí yín sí kẹ́ ẹ máa tò ó bọ̀, ó máa sú yín nígbà tẹ́ ẹ bá dé ilé kẹta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ń sá fún yín. Tèmi ni yàrá oṣù méje yẹn, mo ti yà á nígbà mẹ́rin báyìí, mo ti rí bẹ́ẹ̀dì, mo ti rí ìṣó tí mo ń fi aṣọ kọ́, àná ni mo rántí pé mo máa ń gbọ́ rédíò ẹnì kan láti òkè. Ìlẹ̀kùn ni mi ò tíì mọ̀, ṣé inú ló ń ṣí sí ni àbí ìta. Mo na ọwọ́ títí, ọwọ́ náà ò mọ̀.